Ìdì Káàdì Mẹ́fà Tí O Ní Kí N Bá Ọ Yẹ̀ Wò

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Yàrá rẹ tí òjò máa ń gba ojú fèrèsé wọ̀ ńkọ́, ṣé onílé ti tún un ṣe, àbí ó ṣì ń sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la láti ọdún tó kọjá? Mo kí ọ̀gá rẹ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ìwé, mo sì kí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná, èyí tó máa ń kọrin tí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Sọ fún un pé orin rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ó máa sinmi díẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹni tó bá fẹ́ tàn ọ́ jẹ kò ní mọ ilẹ̀kùn tí o gbà wọlé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ní aago ọwọ́ tí o fi sílẹ̀ fún àtúnṣe kò ṣàìsàn rárá, bátìrì inú rẹ̀ ló kú, pé kí o má torí ikú bátìrì sin aago.

Ilé wa ṣì dúró níbi tí o fi í sí. Ilẹ̀kùn iwájú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í há bó ṣe máa ń há nígbà òjò, ẹ̀yìnkùlé la ń gbà jáde bí olè. Ológbò ilé kejì bí ọmọ mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀ ègé aṣọ mi. Kò bi mí kó tó bí wọn, èmi náà kò sì lè lé abiyamọ, nítorí náà tí o bá rí irun lára ẹ̀wù tí mo fi ránṣẹ́, má rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìròyìn ológbò lo ń dúró dè. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ á ti máa béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ láràárọ̀, nítorí ó ti ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tí o ti fi wọ́n ránṣẹ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn, àyàfi ẹyọ ìdì kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá, ló wà nínú páálí tí lẹ́tà yìí bá wá. Ohun tó dá wọn dúró lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ rò fún ọ, jókòó dáadáa kí o tó kà á.

Lọ́jọ́ tí o pè, fóònù wa ń hó bí ìkòkò orí iná. Ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o ń fi káàdì ránṣẹ́, pé kí n yan èyí tó bá wù mí. Inú mi dùn débi pé mo yára pa fóònù kí o má baà yí ọkàn padà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa ti fi owó pamọ́ sí báńkì fún wa, pé káàdì tí a ó máa fi gbà á ló ń bọ̀. Bàbá rẹ gbé orí sókè kúrò nínú aago tí wọ́n ń tú, wọ́n ní ọmọ wo. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo tí a bí. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì padà sínú aago wọn.

Má-sáré ló gbé páálí náà wá. Awakọ̀ wa yìí, o rántí rẹ̀, òun náà ni kẹ̀kẹ́ máa ń sáré kọjá lójú ọ̀nà. Mo tú páálí, mo rí ìdì mẹ́fà, káàdì inú wọn sì pọ̀ jọjọ. Mo ní ọmọ yìí mà lówó o. Mo mú ọ̀kan tí ọba kan jókòó sí lórí àga òkúta, torí mo rò pé owó ọba á pọ̀ ju ti mẹ̀kúnnù lọ, mo wọ bàtà mi tó dáa, mo forí lé ibi ẹ̀rọ ìgbowó. Ẹnu ẹ̀rọ náà kéré. Mo ti káàdì bọ̀ ọ́ lóòró, kò gbà, mo tì í níbùú, kò gbà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi kàn ń wo bàtà ara wọn. Ẹ̀ṣọ́ báńkì ló wá bá mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní Màmá, káàdì yìí kò ní nọ́ńbà. Mo ní ó ní, pé igi mẹ́rin ló wà lókè orí ọba yẹn, mo sì kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní mẹ́rin kò tó. Mo ní mélòó ló tó. Ó ní mẹ́rìndínlógún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sílé lọ wá káàdì tó ní mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀rẹ́ mi Tíṣà, tí àwa àti òun jọ pín ògiri, ló bá mi lórí ìwákúwàá yẹn. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì níléèwé ni gbogbo wa ti di ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo sọ fún un pé mẹ́rìndínlógún ni mò ń wá. Ó ní kì í ṣe ohun tó le, ó yọ ọ̀kan jáde, ó ní àmì tó wà lórí rẹ̀ ni mẹ́rìndínlógún láyé àtijọ́. Mo wò ó, ilé gíga kan ni, mànàmáná ń sán pa á, èèyàn méjì ń já bọ́ láti ojú fèrèsé. Mo ní tó bá jẹ́ pé ilé báńkì wọn nìyí, owó mi kò ní dé ibẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló gbọn páálí náà yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, lẹ́tà rẹ sì já bọ́ láti ìsàlẹ̀, lábẹ́ ìwé tí o fi tẹ́ inú rẹ̀. Òun ló kà á fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé kì í ṣe ti owó, pé káàdì aláwòrán tí àwọn èèyàn máa ń wò nígbà tí wọ́n bá ń ro ọ̀rọ̀ ara wọn ni, pé ọ̀gá rẹ fẹ́ kó wọn sórí pẹpẹ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, ìwọ ló sì ní kí o yan mẹ́ta nínú mẹ́fà. O ní kí n yẹ àwòrán wọn wò, kí n fọwọ́ pa páálí wọn bí mo ṣe ń fọwọ́ pa aṣọ, kí n sọ èyí tó dáa. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú yín ni mo fọkàn tán, Màmá.

Ọmọ mi, nígbà tí Tíṣà ka ibẹ̀ yẹn, inú mi dùn, mo sì gbójú kúrò lọ́dọ̀ Tíṣà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rìn ín bí mo ṣe rìn ín.

Mo kọ́kọ́ kà wọ́n, torí aránṣọ tí kò bá wọn aṣọ kó tó gbà á ló máa san án. Ìdì mẹ́ta pé méjìdínlọ́gọ́rin géérégé. Èyí tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, òmíràn jẹ́ ogójì, ìkẹyìn jẹ́ mẹ́rìndínlógójì péré. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ. Mo fẹ́ pè ọ́, fóònù ní mi ò ní owó, kí n lọ ra káàdì. Káàdì tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ wà níwájú mi, fóònù ní kí n lọ ra káàdì. Mo bá ní kí bàbá rẹ lọ bá Má-sáré, kí wọ́n bi í léèrè jẹ́jẹ́ bóyá káàdì kan kò bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ, àmọ́ o mọ bàbá rẹ, ìbéèrè wọn máa ń dà bí ìdájọ́. Má-sáré tú gbogbo àga ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ó rí bàtà ẹsẹ̀ kan, ó rí agbòòrùn tí ẹnì kan ti ń wá láti ọdún mẹ́ta, kò rí káàdì kankan. Ó búra títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Tíṣà tó ń ka ìwé pẹlẹbẹ inú ìdì náà wá sọ pé ìdílé méjì ni káàdì wọ̀nyí, pé ìdílé kan kì í dín kì í lé, méjìdínlọ́gọ́rin ni ọmọ rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é, pé ìdílé kejì wà fún iye tó bá wu ẹni tó ṣe é. Mo ní kí ló dé tí kò kọ́kọ́ ka ibẹ̀. Ó ní ojú ìwé kẹta ni ó wà, pé èèyàn kì í fo ojú ìwé.

Ó di dandan kí n bẹ Má-sáré. Mo rán aṣọ tìmùtìmù fún àga rẹ̀, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun, mo sì gbé e lọ fúnra mi. Ó dúpẹ́, ó jókòó lé e, ó ní ó dára, ó kàn jọ pé apá kan ga ju apá kan lọ. Mo ní ìdí rẹ̀ ni kò dọ́gba. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, níwájú àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí.

Èmi àti Tíṣà wá jókòó ti iṣẹ́ tí o gbé fún wa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ṣe é, lórí tábìlì ìránṣọ mi, níwájú fèrèsé. Ìdì àkọ́kọ́ ni ti ọba orí àga òkúta yẹn, ó dà bí àwòrán inú ìwé àtijọ́, àwọ̀ ìyeyè pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ egungun lórí ẹṣin funfun. Mo bi Tíṣà pé ta ni á fi owó ra èyí. Ó ní ìwé sọ pé kì í ṣe ikú gan-an, pé nǹkan kan ló ń parí kí òmíràn lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kúkú ya ìṣẹ́tí aṣọ. Ìdì kejì dúdú, wọ́n fi wúrà kun etí rẹ̀, ó ń kọ mọ̀nà, ìyẹn wù mí púpọ̀. Ìkẹta kò ju páálí ìṣáná lọ, Tíṣà dà á sílẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ ológbò sì gbé ọ̀kan lọ. A rí i gbà, ṣùgbọ́n àmì eyín wà lára rẹ̀, tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́, sọ fún un pé wọ́n ti dán an wò. Ìkẹrin ni ti ẹranko, ẹyọ ẹranko kan lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà. Ìkarùn-ún kò ní àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ ló wà lórí rẹ̀, mu omi, má bínú, sinmi. Mo ní ìyẹn ni mo ti ń sọ fún ọkọ mi láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹni tó sanwó rẹ̀ fún mi. Ìkẹfà ni mo bú jù, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ìkùukùu lásán ló kún inú rẹ̀. Mo ní ẹni tó yà á gbàgbé láti parí iṣẹ́. Tíṣà wo ojú mi fínnífínní.

Ọjọ́ kẹjọ la padà sí ìdì àkọ́kọ́. Tíṣà mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ ìrìn àjò, ó fi igi kọ́ ẹrù léjìká, ó gbójú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dé etí ọ̀gbun. Ó ní ọmọ yìí ì bá ti ṣubú o, ajá yẹn ló ń pariwo fún un. Mo ní ajá wo. Ó fi ìka sí i. Mo rí ìka. Mo ní Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ ti ń pọ̀ ju ohun tó wà nínú káàdì lọ. Ó ní kí n bi bàbá rẹ. Bàbá rẹ dìde láti ìdí iṣẹ́ wọn, wọ́n há awò kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago mọ́ ojú, wọ́n ní ajá ni, funfun ni, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Wọ́n wá yọ awò náà, wọ́n nà án sí mi. Mo há a mọ́ ojú. Ajá wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ó tilẹ̀ ní ìrù.

Tíṣà rọra fa ìdì aláwọ̀ ojú ọ̀run wá síwájú mi, ó ní kí n wo ìyẹn náà. Àwọn obìnrin wà nínú ìkùukùu yẹn, ilé wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀, ìlà wọn tín-ín-rín bí òwú. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan bú ẹni ẹlẹ́ni.

Mo bínú. Mo ní kí Tíṣà máa lọ sílé rẹ̀. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ̀wù ìyàwó agbẹ́nà tó dá padà, tí mo ní èjìká rẹ̀ ni kò dọ́gba. Tìmùtìmù Má-sáré. Àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí ọ tí ìlà wọn ń gun ara wọn lẹ́yìn, tí o ní ṣé inú ọkọ̀ ni mo ti kọ wọ́n, tí mo sì dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá rántí abẹ́rẹ́. Láti bí ọdún kan, tí mo bá jí, mo máa ń bá abẹ́rẹ́ méjìlá tí wọ́n ti fi òwú bọ̀ lórí ìrọ̀rí abẹ́rẹ́ mi, pupa, dúdú, funfun. Bàbá rẹ ló ń ṣe é. Mo rò pé ìfẹ́ àgbàlagbà ni, mo tilẹ̀ ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú Tíṣà. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ yẹn, mo ní ẹ ti mọ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun rí i, pé àwọn ń dúró kí n rí i fúnra mi.

Ọmọ mi, èmi náà ti mọ̀ tipẹ́. Má jẹ́ kí n parọ́ fún ọ. Mo mọ̀, mo kàn ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, kí ni màá wá máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé kí n máa tọ́jú ológbò? Mo sì mọ ìwà rẹ. Tí o bá gbọ́, wàá kó ẹrù rẹ wálé, wàá fi iṣẹ́ tí o fi ọdún méjì wá sílẹ̀, wàá wá máa tì mí kiri bí àga.

Lọ́jọ́ kejì Tíṣà padà wá bí ẹni tí a ò lé. Ó ní kí n mú káàdì kan. Mo ní èmi kì í bi páálí ní ìbéèrè. Ó ní kò sí ẹni tó ní kí n bi í, kí n kàn mú un kí n wò ó, ohun tí wọ́n ń ṣe é fún náà nìyẹn, báwo ni màá ṣe bá ọmọ yan ọjà tí mi ò tọ́ wò. Mo mú ọ̀kan nínú ìdì àkọ́kọ́, mo há awò bàbá rẹ mọ́ ojú. Obìnrin kan jókòó, idà méjì ló gbé káyà, wọ́n sì fi aṣọ di ojú rẹ̀ pinpin. Tíṣà ka ìwé, ó ní ẹni tó mọ ohun kan tí kò fẹ́ wò ó nìyí. Mo ní ìwọ lo tò ó síbẹ̀. Ó ní kí n mú láti inú ìdì mìíràn. Mo mú nínú ti etí wúrà, ọkùnrin kan ru igi tó pọ̀ jù ú lọ, kò rí iwájú mọ́. Mo mú nínú ti ẹranko, ìjàpá ni, ó ti fa orí wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tí ǹ bá mú lọ́jọ́ yẹn tí kò ní jọ mí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀, kódà bébà funfun á sọ ọ́ fún un. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún lójú mi, Tíṣà sì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo ní kí bàbá rẹ pe Má-sáré.

Bí wọ́n ṣe gbé mi dé ọsibítù ojú, Má-sáré nìkan ló lè rò ó, torí mo sùn, mo jí, mo tún sùn, a ò tíì dé. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo kọ orúkọ Tíṣà, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Wọ́n ní kí n kọ ibi tí a ti lè rí i, mo kọ pé ó jókòó síta níbẹ̀ yẹn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì wá mú mi lọ síwájú ìwé kan lára ògiri, ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kò wọn bébà rẹ̀, ó wá ń fún lẹ́tà mọ́ra títí dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n ka ibi tí mo bá lè kà dé. Mo ka ìlà kan. Ó ní kí n máa lọ. Mo ní ibẹ̀ ni mo dé. Dókítà ní awọ kan tó dà bí èéfín ló bo ẹyinjú mi méjèèjì, pé wọ́n máa ń bá èèyàn yọ ọ́, pé ọ̀kan la ó kọ́kọ́ ṣe, èkejì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù méjì. Mo bi í bóyá màá tún lè ránṣọ. Ó ní kí ló dé tí mi ò ní lè rán an. Gbogbo ọdún tí mo fi bẹ̀rù, ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ṣe ọ̀tún. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò, ariwo tí bàbá rẹ ń pa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló fẹ́ pa mí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé irun ojú bàbá rẹ ti funfun, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Mo dé ilé, mo rí ilé mi. Eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ọmọ mi, èèyàn lè gbin àgbàdo sí i. Mo gbọn ọ́n kúrò, mo fọ fèrèsé, mo gba tìmùtìmù lọ́wọ́ Má-sáré mo tú u, mo tún un rán, mo sì sọ fún un níwájú èrò ọkọ̀ rẹ̀ pé ìdí rẹ̀ dọ́gba.

Mo wá fi ojú tuntun wo káàdì rẹ, ohun tí mo rí sì ni kí o sọ fún ọ̀gá rẹ. Ìdì elétí wúrà tí mo ti fẹ́ yàn fún ọ, má ṣe fọwọ́ kàn án. Ó ń dán ni, kò dáa. Mo rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ní ìka mẹ́fà, mo rí ọba kan tí apá aṣọ rẹ̀ wọ inú ògiri lọ, ẹṣin kan wà tí mi ò mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Tíṣà ní ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló yà á, kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹni yòówù kó yà á, kò wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kékeré bí ìṣáná yẹn, yọ ọ́ kúrò, àwọn tó ní irú ojú mi náà máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ń sọ mu omi, jẹ́ kó lọ mu omi. Mú ti àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ìwé inú rẹ̀ là yé. Mú ti ẹranko fún ẹni tí idà àti egungun ń bà lẹ́rù. Mú ti ìkùukùu fún ẹni tó ní sùúrù, àwòrán rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo wọn, mo sì bẹ ẹni tó yà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á láìkọ́kọ́ tú u sílẹ̀ wò. Ẹni tó ń ra aṣọ máa ń gbé e sára. Kí wọ́n gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n wo àwòrán márùn-ún, tí wọn ò bá rí ara wọn nínú ọ̀kankan, kí wọ́n wo òmíràn.

Má bínú pé a ò sọ fún ọ. Bàbá rẹ fẹ́ sọ, èmi ni mo gba fóònù. Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, mo tún un sọ, má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ bá tó nǹkan lóṣù yìí, fi díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí ojú òsì, owó aago kò tó o, owó aṣọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀. Ìdì ẹranko ni kò sí nínú páálí yẹn, lọ́dọ̀ Tíṣà ló wà, a ti bára lò. Kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é kí ó fi òmíràn ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù yín, kí o sì yọ owó tiwa nínú ohun tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ pè mí ní olè.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé o ti rù, pé o ti gé irun rẹ, pé o ti wá jọ mí gan-an. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, mi ò rí nǹkan kan. Ohùn rẹ àti ìró ẹsẹ̀ rẹ ni mo fi mọ̀ pé ìwọ ni. Tí ọ̀gá rẹ bá lè fún ọ ní ọjọ́ méjì, kódà ọjọ́ kan, wá jókòó síwájú fèrèsé mi, kí n wò ọ́ dáadáa.

Ibi tí o bá dojú kọ, oore ni wàá bá níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́, ilé tí o sùn sí á tù ọ́ lára, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tó yẹ kí o rí fi ara pamọ́ fún ọ, èyí tí kò yẹ kí o rí, kó gba ọ̀nà ibòmíràn. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ.